Ǹjẹ́ Ìwà Ọ̀lẹ Ni Ìrìn Ìgbafẹ́?

Ní ọdún kan, àwa olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Múṣin pinnu láti kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà tí ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní 1990. Ọgbà náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Ọ̀bọ ń fò láti igi dé igi nínú rẹ̀, ọ̀nì wà nínú omi rẹ̀, afárá tí a so mọ́ òkè igi níbẹ̀ sì gùn ní mítà 401. A ní kí òbí kọ̀ọ̀kan san owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé. Ìyá kan tí ó ń ta ata lọ́jà wá bá wa, ó ní: “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn ọmọ yìí fẹ́ lọ mú bọ̀?” A dáhùn pé wọn kò ní mú nǹkan kan bọ̀, wọn yóò kàn wo igi àti ẹranko ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Igbó tí bàbá mi sá kúrò nínú rẹ̀ wá sí Èkó, òun ni ẹ ní kí n sanwó kí ọmọ mi lọ wò?”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹ̀rín dáhùn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí àìní ń bá fínra lo odidi ọjọ́ kan láti lọ wo ohun tí kò ní ká, tí kò ní pa, tí kò sì ní tà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ìyá yìí. Lójú àgbẹ̀, igbó kì í ṣe ibi ìṣeré. Àdá, ọkọ́, ẹ̀gún àti ejò ni ó mọ̀ mọ́ ọn. Ọdẹ tí ó wọ igbó, ẹran ni ó ń wá. Oníṣègùn tí ó wọ̀ ọ́, ewé àti egbò ni ó ń wá. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, iṣẹ́ ọdẹ àti iṣẹ́ tí ọba rán an ni ó gbé Àkàrà-ògùn wọ igbó, kì í ṣe afẹ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn yóò fi kún un pé àṣà àwọn Òyìnbó ọlọ́rọ̀ ni irú ìrìn báyìí. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, 1932, nǹkan bí irínwó ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester, gun òkè Kinder Scout láìgba àṣẹ. Àwọn onílẹ̀ ti ti ibẹ̀ mọ́ aráyé nítorí ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ sọ márùn-ún nínú àwọn tí ó gun òkè náà sí ẹ̀wọ̀n. Ní 1949 ni ìjọba ṣe òfin tí ó dá ọgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1951, agbègbè òkè náà, tí a ń pè ní Peak District, di àkọ́kọ́ nínú wọn. Àwọn tí èéfín ilé-iṣẹ́ ń pa láti ọjọ́ Ajé ni ó jà fún ẹ̀tọ́ láti fi ẹsẹ̀ tẹ koríko. Ta ni yóò pe irú wọn ní ọ̀lẹ?

Ní ilẹ̀ tiwa náà, èdè wa jẹ́rìí. A ní nínàjú, a ní nínasẹ̀, a ní gbígbafẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. A sì ní ibi tí mímú ti jẹ́ èèwọ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, a kì í ṣọdẹ, a kì í gé igi, a kì í sì í pẹja. Lóòótọ́, ìbọ̀wọ̀ fún òrìṣà ni ó bí èèwọ̀ náà, kì í ṣe afẹ́. Síbẹ̀, ó fi hàn pé àwọn baba wa mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú igbó ni ó wà fún mímú.

Ọdẹ pàápàá kò fi ọwọ́ nìkan wọ igbó. Ẹni tí ó bá ka ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, tẹ̀ jáde lórí ìjálá ní 1966, yóò rí i bí ọdẹ ti ń ki ẹranko. Ẹni tí kò bá wo ẹfọ̀n dáadáa, báwo ni yóò ṣe kì í? Pípa ni ó gbé ọdẹ dé igbó, ṣùgbọ́n wíwò ni ó bí ìjálá.

Èyí ni ó kan àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàlàyé òwe tí ó ní “Àràbà ni baba, ẹni a bá lábà ni baba,” kí ó sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ Ìdí-Àràbà gan-an ni ilé rẹ̀ wà, nítòsí ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, kí ó má sì dá àràbà mọ̀ láàrin igi mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí ojú kò bá rí ohun tí ó dúró fún mọ́ ti ń kú lọ. Ẹni tí kò bá sì mọ igi, kò ní dùn ún nígbà tí wọ́n bá gé e.

Nítorí náà, ní tèmi, ìrìn ìgbafẹ́ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, bí ẹni tí ó ń rìn bá mọ ohun tí ó jẹ́ ojúṣe rẹ̀. Kó má ya ẹ̀ka, kó má da pàǹtírí sílẹ̀, kó má sì fi ojú ìran wo àgbẹ̀ tí ó ń làágùn lóko rẹ̀. Kò sì pọn dandan kó náwó kó tó rìn.

Ìbéèrè ìyá náà ni ó kọ́ wa ní èyí. Kí a tó lọ sí Lẹ́kí, a kó àwọn ọmọ rìn káàkiri àdúgbò ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a ń bi àwọn àgbà nípa orúkọ ibi tí à ń gbà kọjá. Wọ́n ní láti ara iṣin ni orúkọ Múṣin ti wá. Nígbà tí a dé ìdí àtẹ ìyá aláta yìí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ ohun tí iṣin jẹ́ fún wọn. Ó gbé ìwọ̀n sílẹ̀, ó ní: “A kì í fipá ṣí i o. Ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ là lórí igi. Èyí tí kò bá tíì là, májèlé ni. Bàbá mi ni ó kọ́ mi, nígbà tí mo ń bá a lọ sóko.” Ọmọ rẹ̀, tí ó dúró láàrin wa, kò gbọ́ ọ rí.