Kọ́kọ́rọ́ Kan fún Gbogbo Ilé

Ẹni tó ní sáfà mẹ́ta péré lè gba wẹ́ẹ̀bùsáìtì ọ̀pọ̀ oníbàárà sórí wọn. Á pín sáfà kọ̀ọ̀kan sí oríṣiríṣi virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kò ní ara tirẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó dá dúró: ọ̀kan fún ímeèlì, ọ̀kan fún ilé-ìwé, ọ̀kan fún ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ́n gidi ni. Owó iná á dínkù, bí ọ̀kan bá sì dákú, ìyókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìpín yẹn máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó ń mú ká rò pé ohun tó pọ̀ lójú pọ̀ ní tòótọ́.

Iṣẹ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ CloudNordic ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Denmark. Ní ìdájí ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ya wọ inú sáfà wọn, wọ́n ti gbogbo díìsìkì pa, wọ́n sì ní àfi kí wọ́n sanwó kí àwọn tó ṣí i. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kò lè san án, àwọn kò sì fẹ́ san án.

Báwo ni àwọn ọ̀daràn náà ṣe rí ọ̀nà wọlé? Àlàyé ilé-iṣẹ́ náà ni pé àwọn ń kó sáfà láti ibùdó kan lọ sí òmíràn lọ́wọ́. Àwọn kan nínú sáfà wọ̀nyí ti kó àrùn tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà látijọ́. Nígbà ìkólọ náà ni wọ́n so wọ́n mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń darí gbogbo sáfà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀daràn ti dé ibi àkóso, wọ́n sì kọjá síbi tí backup, ìyẹn ẹ̀dà dátà tí wọ́n tọ́jú pamọ́, wà.

Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ilé-iṣẹ́ náà ní backup, ó tilẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ṣí gbogbo rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà pàdánù gbogbo dátà wọn. Sáfà tí kò ní nǹkan kan nínú ni ilé-iṣẹ́ náà rí gbé dìde fún wọn.

Iná ló ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Strasbourg, lórílẹ̀-èdè Faransé, ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2021. Ilé alájà márùn-ún tí ilé-iṣẹ́ OVH kó sáfà sí jóná kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe géèmù Rust kéde pé dátà sáfà 25 lọ láìpadà.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní Port Harcourt, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ wa náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, òjò ń rọ̀ gan-an, iná mànàmáná sì lè lọ kó tún padà pẹ̀lú agbára tó ń sun ẹ̀rọ. Bí backup yín bá wà nínú yàrá kan náà, lábẹ́ ínfátà kan náà, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù kan náà, orúkọ lásán ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹ̀dà kan sí ìlú mìíràn, kí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ yọ òmíràn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Bí ẹ bá ń kó sáfà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó so ó mọ́ àwọn yòókù. Lóṣooṣù, ẹ gbìyànjú láti gbé virtual machine kan dìde láti inú backup rẹ̀, kí ẹ rí i bóyá yóò ṣí. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ bi ẹni tí ẹ ń sanwó fún léèrè: níbo gan-an ni backup wa wà, ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́?