Níbo Ni Ẹni Tó Ń Gbá Ìlú Yóò Sùn?

Bí ìlú kan bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ibi tó máa sùn? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa dáhùn kíá pé rárá. Wọ́n ti sanwó iṣẹ́ fún un, ó parí. Ibi tó bá rí, kó lọ sùn síbẹ̀. Ìdáhùn yẹn jọ òótọ́, àfi téèyàn bá wo bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wo Mount Laurel, ní ìpínlẹ̀ New Jersey l'Amẹ́ríkà. Ìlú àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, kò jìnnà sí Philadelphia. Ní 1950, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 3,000. Nígbà tó fi máa di 1970, wọ́n ti lé ní 11,000, torí pé títì ńlá ti gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tó ń sá fún wàhálà ìlú ńlá sì ń kó wá. Ṣùgbọ́n àwọn adúláwọ̀ kan ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá-ńlá wọn. Nígbà tí ilé di ọ̀wọ́n, inú ilé adìyẹ tí wọ́n tún ṣe ni àwọn kan nínú wọn ń gbé. Mi ò bù mọ́ ọn o. Ilé adìyẹ gan-an.

Ethel Lawrence, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, wà lára wọn. Òun àtàwọn aládùúgbò rẹ̀ bẹ ìjọba ìlú pé kó jẹ́ káwọn kọ́ ilé 36 tí owó rẹ̀ kò ní ga jù. Ìjọba ìlú kọ̀. Ní 1970, méyọ̀ wá bá wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé tí agbára wọn ò bá gbé ìlú náà mọ́, kí wọ́n kúkú máa lọ.

Òfin ilẹ̀ tí ìlú náà ń tẹ̀ lé ló jọ mí lójú jù. Sọ́fútíwíà ni mò ń kọ jẹun, mo sì mọ irú òfin bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò dárúkọ tálákà, kò dárúkọ adúláwọ̀. Ó kàn ní ilẹ̀ ilé kan gbọ́dọ̀ tóbi tó báyìí, ilé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó báyìí. Ó tún ní yàrá inú ilé alájọgbé ò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, kí ọmọ iléèwé má baà pọ̀. Tí mo bá kọ fọ́ọ̀mù tí kì í gba orúkọ tó ní àmì, mi ò sọ pé kí Yorùbá má wọlé. Fọ́ọ̀mù yẹn á kàn máa sọ fún Ṣọlá pé orúkọ rẹ̀ ò dáa.

Ìlú yìí kan náà wá ya ilẹ̀ tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́. Wọ́n fẹ́ iléeṣẹ́, wọ́n fẹ́ owó orí tí iléeṣẹ́ máa san. Òṣìṣẹ́ tó máa ṣílẹ̀kùn iléeṣẹ́ láàárọ̀ ni wọn ò fẹ́. Ibí yìí ni sùúrù mi ti tán.

Ní 1975, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní New Jersey dájọ́ pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáyè fún ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká. Ìlú tó bá ń pe iléeṣẹ́ wá, kó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà ríbi gbé. Wọ́n tún fi ìdájọ́ mìíì tó le jù ú lọ tì í ní 1983. Síbẹ̀, Ethel Lawrence kú ní 1994 kí wọ́n tó kọ́ ilé tó ń jà fún. Ìparí 2000 ni àwọn àkọ́kọ́ tó kó wọ ilé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ. Nígbà tó yá, ilé náà pé 140.

Mi ò ní pe gbogbo àwọn tó kọ̀ ní ìkà. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún san gbèsè ilé, ilé yẹn ni àjọ rẹ̀, òun ló máa fi jẹun lọ́jọ́ ogbó. Ẹ̀rù pé iye rẹ̀ máa já wálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Douglas Massey ti Princeton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí ní 2013: ilé 140 yẹn kò mú kí iye ilé àdúgbò já, kò mú kí ìwà ọ̀daràn pọ̀, owó orí ò tìtorí rẹ̀ ga.

Ó dáa, ká tiẹ̀ ní iye ilé já díẹ̀ ńkọ́? Lójú tèmi, gbèsè náà ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí mo ní lórí ilé mi, ibi ògiri mi ló parí sí. Tí mo bá fi òfin ìlú dènà ilé ẹlòmíì kí tèmi lè wọ́n, lọ́jọ́ tí mo bá tà á, kì í ṣe ilé mi nìkan ni mo tà. Mo ta àìrílégbé ẹni yẹn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì l'Ékòó. Àwọn òyìnbó amúnisìn tó kọ́ Ìkòyí ya ara wọn sọ́tọ̀, síbẹ̀ wọ́n kọ́ BQ sẹ́yìn ilé, torí wọ́n mọ̀ pé kúùkù máa sùn níbì kan. Kì í ṣe ìfẹ́, wọ́n kàn ṣírò ó ni. Ọ̀pọ̀ ẹ́síteètì ojú ọ̀nà Lekki ò ṣe wàhálà ìṣirò yẹn mọ́. Danfo ló ń bá wọn ṣírò ẹ̀, ẹni tó ń gbé Mowe sì mọ aago tó ń jí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni "ilé òṣìṣẹ́" fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìlú fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn torí ó ń fi onílé lọ́kàn balẹ̀: nọ́ọ̀sì ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n, wọn kì í ṣe "àwọn yẹn". Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá fẹ̀yìn tì wá ńkọ́? Tí ẹ̀yìn bá ń dun gáàdì tí kò lè dúró mọ́? Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló fún wọn nílé, ọjọ́ tíṣẹ́ bá parí nilé parí. Ẹjọ́ tí Ethel Lawrence pè kò dúró lórí pé òun ń kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ káwọn ọmọ òun lè gbé ìlú tí òun ti tọ́ wọn. Ìran rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí títì ńlá tó dé.