Ta Ló Ń Dáná Nígbà Tí A Ń Gbá Bọ́ọ̀lù?

Ní Durumi, ní Area 1 l'Abuja, ibùdó kan wà tí àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé wọn tẹ̀dó sí. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Gwoza ní ìpínlẹ̀ Borno, ìlú tí àwọn agbésùnmọ̀mí gbà ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ẹgbẹ́ ìdàpọ̀ wa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, a gbé bọ́ọ̀lù, bébà àti pẹ́ńsùlù aláwọ̀ lọ́wọ́. Èrò wa ni pé kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ gbá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ ya àwòrán, kí ó lè yé wọn pé Ọlọ́run kò dá ọ̀kan láti máa sin èkejì. Èrò tó dára ni, n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù náà dùn. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, tó fi ìborí bo irun, gbé bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ọmọkùnrin mẹ́ta, gbogbo èèyàn sì hó yèè. (Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣe àníyàn nípa aṣọ: àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù ti fọwọ́ sí ìborí láti ọdún 2014, Nouhaila Benzina ti Morocco sì fi tirẹ̀ gbá World Cup ní 2023.) Ṣùgbọ́n kí abala kejì tó gbóná, ọmọ náà ti kúrò lórí pápá. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. A rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Àwòrán ló tú àṣírí. A ní kí wọ́n ya ọjọ́ náà bó ṣe rí lójú wọn. Àwọn ọmọkùnrin ya òpó góòlù, wọ́n sì ya ara wọn ga ju òpó lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn padà dé, ó ya pápá sí igun bébà, kékeré bí àtàǹpàkò. Ohun tó gba gbogbo ojú bébà ni kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta, ààrò kan, àti ọmọ kan tó pọ̀n sẹ́yìn. Ìyá àgbàlagbà kan tó dúró tì wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, eré dára, ṣùgbọ́n omi kì í dúró de eré."

Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan la gbé lọ, à bá ti padà wálé, à bá kọ ọ́ sínú ìròyìn wa pé àwọn ọmọbìnrin Durumi ti di ẹgbẹ́ ọkùnrin. Eré fi ohun tí ọmọ náà lè ṣe hàn wá. Bébà ló sọ ohun tó ń fà á sẹ́yìn, ohun tí kò ní lè fẹnu sọ fún àlejò.

Ẹ wo Super Falcons wa. Ní Rabat, ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, Morocco ti gbá góòlù méjì sí wọn nílé, síbẹ̀ wọ́n fi mẹ́ta sí méjì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yìí kan náà, nígbà tí wọ́n gba ife ọdún 2016 ní Cameroon, hòtẹ́ẹ̀lì l'Abuja níbí ni wọ́n jókòó sí tí wọn kò kúrò, wọ́n sì wọ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n tó rí owó wọn. Àtẹ́wọ́ kò jọ ẹ̀tọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni tiwa. Nígbà tí a ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìrìnàjò náà, arábìnrin kan dìde. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ wo fọ́tò wọ̀nyí dáadáa. Ẹ̀yin lẹ wàásù ìdọ́gba, àwa la fọ ìkòkò." A wò ó. Lóòótọ́, kò sí arábìnrin kan nínú fọ́tò pápá náà. Wọ́n ti jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti se ìrẹsì, wọ́n sì wà nídìí ìkòkò títí a fi palẹ̀ mọ́. Èmi ni mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ ìsìn ni, pé èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run. Ó jókòó. Ilé dákẹ́.

Mo ti padà sídìí ìdáhùn mi yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. A fẹ́ràn láti wàásù Lúùkù 10, pé Jésù kò lé Màríà padà sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ta ló wá gbé ìkòkò náà ká? Bí a kò bá bèèrè èyí, Mátà kan yóò máa wà níbẹ̀ láìdárúkọ. Ẹ ṣí Jòhánù 21. Olúwa tó ti jí dìde wà létí òkun, ó ti dáná, ó ti gbé ẹja lé e, búrẹ́dì wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó gúnlẹ̀. Kò rán ẹnì kankan lọ pe àwọn obìnrin.

Nígbà tí a tún padà lọ sí Durumi, àwọn arákùnrin ló dáná. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá ibi tí omi kù sí, àwọn ọmọkùnrin ibùdó àti àwa sì jọ gbé kẹ́ẹ̀gì. Ìrẹsì jóná nísàlẹ̀, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn arábìnrin wa gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ṣubú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín ara wọn. Ọmọbìnrin yẹn gbá abala kejì tán. Ìyá àgbàlagbà náà jẹ ìrẹsì wa díẹ̀, ó bi mí pé ṣé ọ̀la náà la máa wá pọn omi.