Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Ṣe Ènìyàn Lóore Láìbi Í Léèrè?

Àwọn baba wa a máa wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kò sí ẹni tí kò gbà pé òtítọ́ ni, títí di ọjọ́ tí iná orí bá kún orí ẹlòmíràn, tí ó sì ń rìn bọ̀ wá sí orí tirẹ̀. Nígbà náà ni olúkúlùkù yóò máa wá abẹ kiri. Ọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin olùkàwé jọ gbé yẹ̀ wò: bí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ aláàánú kan bá rí i pé ìyà ń jẹ àwọn ènìyàn ní àdúgbò kan, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà náà láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn bẹ̀ ẹ́? N kò ní lọ sí ọ̀nà jíjìn wá àpẹẹrẹ. Súrùlérè wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ ìlú Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ibi tí ilé bá ti há mọ́ ilé, tí pàǹtírí sì pọ̀, níbẹ̀ ni eku ń gbé. Lẹ́yìn ìpayà yìí ni a dá ìgbìmọ̀ tí a pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, tí ó sì la ojú òpópó sí ilẹ̀ Yábà kí àwọn ènìyàn lè rí ibi tí ó gbòòrò gbé. N kò rí bí a ti lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pátápátá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ti 1955 yàtọ̀. Òmìnira ti ń súnmọ́ tòsí, ìjọba sì pinnu pé kí a wó àwọn ilé tí ó wà lórí nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀ ní àárín Erékùṣù Èkó, kí a sì tún ibẹ̀ kọ́ bí ó ti yẹ olú-ìlú. A kọ́ ilé tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ sí Súrùlérè fún àwọn tí a lé kúrò, kí wọ́n lè máa san owó ilé tí kò wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wá ṣe ìwádìí láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó rí kò dùn ún gbọ́ létí àwọn tí ó ṣètò náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá arúgbó kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, òrùlé ń jò, ṣálángá kò jìnnà sí ibi tí ó ti ń dáná. Ṣùgbọ́n inú ilé ẹbí ni ó wà, kò sì san kọ́bọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ó pàtẹ ìṣáná, iyọ̀ àti ọṣẹ. Ẹni tí ń kọjá lọ sí ọjà a rà díẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ a gbé oúnjẹ wá ní alẹ́. Ní ọjọ́ kan a gbé e dé Súrùlérè. Yàrá titun mọ́ tónítóní. Ta ni yóò ra ìṣáná rẹ̀ níbẹ̀? Àwọn oníbàárà wà ní òdìkejì ọ̀sà, afárá Carter nìkan ni ó sì so Erékùṣù mọ́ òkè ní ìgbà náà. Àwọn ọmọ àbúrò kò lè máa wá lójoojúmọ́ mọ́, nítorí owó ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni owó ilé dé ní ìparí oṣù. Irú èyí ni Marris rí: ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí ọjà wọn kú, ìyàwó tí ó fi ọkọ sílẹ̀ ní Súrùlérè kí ó lè padà sí ibi tí òwò wà, àti ìdílé tí kò lè ran ara wọn lọ́wọ́ bí ti àtijọ́. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rí ilé ìjọba gbà. Wọ́n wá yàrá lọ síbi tí wọ́n bá ti lè rí i.

Orúkọ àdúgbò náà ń wí pé sùúrù ní èrè. Orúkọ rere ni. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ẹni tí a ní kí ó ṣe sùúrù àti ẹni tí ó jẹ èrè kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà.

Síbẹ̀ èmi yóò ṣe àìṣòótọ́ bí n kò bá sọ ti apá kejì. Àwọn kan wà tí inú wọn dùn sí ilé titun náà, pàápàá àwọn tí ó kàwé tí wọ́n sì ń gba owó oṣù. Akọ̀wé tí àwọn ìbátan ti máa ń pín owó rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí àyè mí. Ó lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ó sì ka ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò wí pé ìrọ̀rùn yìí kò já mọ́ nǹkan? Ìṣòro tí ó wà nínú ọ̀ràn náà ni pé ohun kan náà tí ó tú akọ̀wé sílẹ̀ ni ó sọ ìyá arúgbó di ẹni ìkọ̀sílẹ̀. Àwa a máa sọ̀rọ̀ nípa "àwọn ará àdúgbò" bí ẹni pé wọ́n ní ẹnu kan àti ikùn kan.

Kì í sì ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 1957 Michael Young àti Peter Willmott kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ Bethnal Green ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí a kó lọ sí ilé titun ní Essex. Ìyàwó ilé tí ó ti ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ wá di ẹni tí ń dá jókòó. Ilé ìwádìí kan náà ni Marris ti wá sí Èkó.

Ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé, bí a bá dúró kí gbogbo ènìyàn tó gbà, a kì yóò kọ́ ilé kan títí ayé. Mo gbà. Nínú ilé ẹbí, bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́, àbúrò yóò kọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kìkì kí a lè gba àṣẹ ni a ṣe ń béèrè. A ń béèrè nítorí pé olórí mọ ohun kan nípa orí rẹ̀ tí onígbàjámọ̀ kò mọ̀, èyíinì ni ibi tí egbò wà. Ẹni tí ìjọba rán wá wo Ìsàlẹ̀ Èkó rí gọ́tà tí ó dí, ó rí ògiri tí ó là. Kò sí bí ojú rẹ̀ ti lè rí àwọn oníbàárà ìyá arúgbó, nítorí wọn kò sí lára ògiri.

Ó yẹ kí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Láti 2006, Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú owó tí ó yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, láti tún àdúgbò mẹ́sàn-án ṣe láìkó àwọn ènìyàn kúrò; Makoko, Iwaya, Bariga àti Badia wà nínú wọn. Ọgbọ́n ni èyí: kí a gbé ọ̀nà, omi àti gọ́tà tọ ènìyàn lọ níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ní 23 oṣù kejì ọdún 2013, katakátá wọ Badia East, àdúgbò tí ó wà nínú àwọn mẹ́sàn-án náà gan-an. Amnesty International wí pé ó kéré tán 9,000 ènìyàn ni ọ̀ràn náà kàn. Àwọn ará ibẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ ìwádìí ti Báńkì náà ní ọdún kan náà. Lẹ́yìn èyí ni a wá jókòó tì wọ́n láti mọ ẹni tí ó gbé ibẹ̀ àti ohun tí olúkúlùkù pàdánù, tí a sì san owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn kan nínú wọn. Ìbéèrè náà dé nígbà tí ilé ti di òkìtì.