Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Ìgbàgbé?

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 102:1-12, Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 19:4-8
Ẹsẹ àkọ́sórí: Aísáyà 49:15

Ní ọjọ́ kan, mo gbàgbé ọmọ mi obìnrin sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀ pé n ó lọ mú un. Ìgbà tí mo wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí ìyàwó mi bèèrè pé, "Dádì, ọmọ dà?", ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bù máṣọ. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́gáàdì. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní, "Dádì, mo rò pé ẹ kò fẹ́ràn mi mọ́ ni."

Kì í ṣe èyí nìkan ló ṣẹlẹ̀ lásìkò náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá mi ni, gbèsè sì wọ̀ mí lọ́rùn. Oorun dá lójú mi. Mo lè ka ojú ìwé Bíbélì kan lẹ́ẹ̀mẹrin kí ohunkóhun má dúró níbẹ̀. Mo dúró lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹsẹ tí mo ti mọ̀ láti kékeré kúrò lórí mi pátápátá.

Ẹnì kan ní ogun ilé bàbá ni. Ẹlòmíràn ní kí n yẹ ara mi wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ wà, nítorí pé Jòhánù 14:26 ṣèlérí pé Ẹ̀mí Mímọ́ yóò máa rán wa létí. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, mo sì ń ṣọ́ òru. Orí mi tún wá pòrúrùú sí i.

Olùfẹ́, ìbéèrè tí mo ń bi ara mi nígbà náà ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìgbàgbé?

Oríṣi ìgbàgbé méjì ni Bíbélì fi hàn wá. Èkíní wà nínú Diutarónómì 8:11-14. Ìgbàgbé ẹni tó jẹ yó, tó kọ́ ilé dáradára, tó wá gbàgbé Ẹni tó bọ́ ọ ni. Ọlọ́run bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí. Èkejì ni ti ẹni tó ń gbàdúrà nínú Orin Dáfídì 102. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó gbàgbé láti jẹun. Ọlọ́run kò bá a wí. Ṣe ni a kọ ẹkún rẹ̀ sílẹ̀ bí àdúrà. Ìgbéraga ló fa ti àkọ́kọ́, ọgbẹ́ ọkàn ló fa èkejì. A kò gbọ́dọ̀ fi ẹjọ́ ọ̀kan dá èkejì lẹ́bi.

Ẹni tó bá sì ní ẹni tó kún fún Ẹ̀mí kì í gbàgbé, kí ó ka Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní 1:16. Pọ́ọ̀lù ń ka orúkọ àwọn tó rì bọmi, ó dé ibì kan, ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun ṣe ti ẹlòmíràn. Àpọ́sítélì ni!

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kọ́ ní Pólì kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Bí iná bá wá ní ìdajì, gílóòbù á kàn máa pọ́n ni. Kò túmọ̀ sí pé gílóòbù ti jó. Ohun díẹ̀ ni ọpọlọ wa lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn baba wa ní ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí àníyàn bá ti gba gbogbo àyè, ọ̀rọ̀ tuntun kò ní ráyè wọlé, ohun tí kò wọlé kò sì ṣeé rántí. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń kó ohun tí a gbọ́ lọ́sàn-án pamọ́. Èmi wá ń fi òru ṣe àìsùn. Àwọn dókítà ka àìlè pọkàn pọ̀ mọ́ àmì àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì, bí inú ènìyàn bá bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ní ọdún 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń kàwé tí kò wọlé, tí orí ń gbóná tàbí tí ń ro wọ́n. A tún ń fi Àró bú ara wa, bẹ́ẹ̀ ní Àró yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 láti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n má bàa dá wà. Èwo ni ìtìjú níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà. Àìsàn ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbàgbé ọmọ mi. Kò nu omijé rẹ̀ nù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ìgbàgbé mi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá mọ̀ pé mo ń gbàgbé, tí mo fi bò, tí mo kọ ìrànlọ́wọ́, ìyẹn di ẹ̀bi mi. Màmá kan nínú ìjọ, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Pásítọ̀, ẹ lọ sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí dókítà." Bí Ọlọ́run ṣe ṣe fún Èlíjà gan-an nìyẹn: oúnjẹ, omi, oorun, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Lọ ṣe àyẹ̀wò. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn kan tí o ń lò náà lè fa irú rẹ̀. Ra ìwé pélébé, máa kọ nǹkan sílẹ̀. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ọlọ́run ló ní kí Ísírẹ́lì to òkúta méjìlá jọ kí wọ́n má bàa gbàgbé Jọ́dánì (Jóṣúà 4). Bí èrò ikú bá sì ń wá sí ọ lọ́kàn bíi ti Èlíjà, má ṣe dá a gbé. Sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ó bá ọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Wàyí o, ka ẹsẹ àkọ́sórí wa. Ọlọ́run kò sẹ́ pé òbí lè gbàgbé ọmọ. Èmi gan-an ṣe é. Ó kàn ní Òun kò ní ṣe é ni. Ìgbàlà rẹ kò dúró lórí iye ẹsẹ tí o rántí, bí kò ṣe lórí Ẹni tí kò gbàgbé rẹ. Bí o kò bá lè há ẹsẹ náà sórí lónìí, kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Orúkọ tìrẹ wà ní àtẹ́lẹwọ́ Rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ fún òní: Ronú kan ẹnì kan tí o ti bínú sí nítorí pé ó gbàgbé. Pè é, kí o bèèrè bóyá ó ń sùn dáadáa.

Àdúrà: Baba, nígbà tí ọkàn mi bá ṣókùnkùn tí n kò rí ọ̀rọ̀ sọ, rántí mi. Fún mi ní oorun, fún mi ní olùrànlọ́wọ́, má sì jẹ́ kí n fi àìlera ẹlòmíràn ṣe ẹjọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.