Ta Ni Yóò Tọ́jú Òkè àti Igbó Àbújá?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bóyá ni ìlú mìíràn wà ní Nàìjíríà tí òwe yìí bá mu bí Àbújá. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ gbé wá ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá dé, títì a dá páropáro, oníkálukú a ti gba ilé baba rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òkè kì í relé. Òkè Asò wà níbẹ̀. Ọgbà Millennium tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní Maitama ní 2003 wà níbẹ̀ pẹ̀lú igi àti koríko rẹ̀. Ìjọba ni òfin sọ pé ó ni wọ́n. Ta ni yóò wá ṣa ọ̀rá àti ike tí àwọn olùgbafẹ́ dà sílẹ̀? Ta ni yóò ṣán ipa ọ̀nà tí a ń gbà gun òkè?

Àwọn kan ń yọ̀ǹda ara wọn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn mìíràn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní a ti san owó orí, ìjọba sì ti gba òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ń bo àṣírí ọ̀lẹ ni, bóyá ó tilẹ̀ ń gba oúnjẹ lẹ́nu alágbàṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ àìgbowó. Nínú àáró, bí Òjó bá bá Àjàyí kọ ebè lónìí, Àjàyí yóò bá Òjó kọ ọ́ lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, olóko ni yóò gún iyán fún àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́. Kódà àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣán ọ̀nà odò mọ̀ pé ìyá àwọn ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà orí òkè Àbújá kò ní olóko tí yóò gún iyán, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò gba ibẹ̀ lọ́la lè má mọ ẹni tí ó ṣán an láéláé. Kí ni ó wá so ènìyàn mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Dandan kọ́. A ti rí ti dandan ní àkókò ìjọba ológun 1984 sí 1985, nígbà tí a ń fi ṣọ́jà lé ènìyàn jáde láti tún àyíká ṣe. Iwájú ilé rẹ̀ ni olúkúlùkù gbá. Ìbẹ̀rù kò mú ẹnikẹ́ni dé orí òkè.

Àpẹẹrẹ àjòjì tí ó tọ́jú igbó tí kì í ṣe ti baba rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria ni. Nígbà tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, kò mọ èdè wa. Igbó Ọ̀ṣun ti ń bàjẹ́ nígbà náà: àwọn kan ń gé igi rẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣe ojúkòkòrò ilẹ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun dúró ti igbó náà, wọ́n tún ojúbọ mọ, wọ́n sì gbé ère sí i. Lóòótọ́, ìgbàgbọ́ ni ó mú un débẹ̀, èyí tí ẹni tí ń ṣa ike ní Maitama lè má ní. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí iṣẹ́ náà bí. Ìjọba kò tìtorí rẹ̀ ká ọwọ́ gbera. Ní 1965 ó kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992 ó fẹ ààlà rẹ̀. Ní 2005 UNESCO gba gbogbo hẹ́kítà 75 náà wọlé sí ara ohun àjogúnbá àgbáyé. Àdùnní kú ní 2009, igbó náà sì wà. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kò bo àṣírí ọ̀lẹ níbẹ̀. Òun gan-an ni ó fi ojú ọ̀lẹ hàn títí ó fi dìde.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí Òṣogbo kò lè dáhùn fún Àbújá. Ní Òṣogbo, àjòjì bá onílé nílé, onílé sì gbà á. Ní Àbújá, òfin ológun kẹfà ọdún 1976 ni ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Gbàgyí àti àwọn mìíràn tí ó ti ń gbé ẹ̀bá òkè wọ̀nyí pẹ́. A kó àwọn kan nínú wọn lọ sí Kúbwà, àwọn mìíràn sì kọjá sí Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹni tí ó bá gbé àdá lọ ṣán ọ̀nà òkè láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ń ṣe rere, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a kó onílé kúrò lórí rẹ̀ ni ó ń tún ṣe. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ya Kúbwà, kí ó bi àwọn àgbà Gbàgyí orúkọ tí àwọn baba wọn ń pe òkè náà, àti ibi tí ọ̀nà àtijọ́ gbà.