Ẹẹ́fà Kì í Ṣe Ẹẹ́jọ

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ṣáá ni Yorùbá sábà máa ń pa òwe yìí mọ́: onígbèsè ti gbọ́ ọ lẹ́nu olówó, ọmọ ilé ìwé ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà. Èmi náà pa á títí kí n tó jókòó ti alágbẹ̀dẹ fàdákà, tí mo wá rí i pé àwọn àgbà wọn ọ̀rọ̀ wọn kí wọ́n tó sọ ọ́. Irin ni wọ́n wí. Wọn ò dárúkọ fàdákà. Ẹni tó bá ń lu fàdákà lójú kan láìgbé e padà síná, ohun tó máa fà yọ níbẹ̀ kò ju kí fàdákà náà lanu bí ògiri.

Ajégúnlẹ̀ ni mo ti kọ́ ìyẹn. Orúkọ àdúgbò náà ti sọ ìtàn ara rẹ̀: ibi tí ajé ti gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Èbúté ọ̀hún kò sì jìnnà, nítorí Àpápá ló múlé tì wá, tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń rí ibi gúnlẹ̀ sí láti 1926. Nígbà tó di 1977, èbúté Tin Can náà ṣí, tírélà sì di ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní kọ̀rọ̀ kan nítòsí Boundary. Ìyá Ìlàjẹ kan ń ta ẹja yíyan lọ́wọ́ ọ̀tún wa, ọmọ Ìgbò kan ń ta sípéà páàtì lọ́wọ́ òsì. Pijin la fi ń nájà, Yorùbá la fi ń bú ara wa.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé bí oòrùn bá ti mú gan-an, ọ̀gá á ní, “Ti ilẹ̀kùn.” Mo rò pé olè ló ń sá fún. Kì í ṣe olè. Àwọ̀ ló fẹ́ rí.

Bí fàdákà bá ti gba òòlù tó, ara rẹ̀ á le. Etí ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n: ìró tó ti ń dún pọ̀, pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kan-in, kan-in. Ìgbà yẹn la máa gbé e padà síná, tí a ó máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yinná tó fẹ́ kú. Àwọ̀ yẹn ni ìwọ̀n. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kò tíì rọ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti ń wá ọ̀nà àtidi omi. Fàdákà pọ́nbélé ń yọ́ ní nǹkan bí 961 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n pò mọ́ bàbà kì í tilẹ̀ dúró dé ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná ní kọ̀rọ̀ wa. Ojú ni ẹ̀rọ. Bí oòrùn bá wọlé, kò ní jẹ́ kí o rí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Nígbà tí o bá máa fi rí pupa kankan, ẹ̀gbà ọwọ́ oníbàárà ti ká jọ bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn. Gbogbo àdúgbò ń bú NEPA bí iná bá lọ. Ọ̀gá mi nìkan ni mi ò gbọ́ kó bú wọn rí.

Lẹ́yìn iná, omi. Lẹ́yìn omi, oje ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbóná tí yóò bọ́ dúdú ara rẹ̀ kúrò, kó tó tún padà sábẹ́ òòlù. Ẹ̀gbà ọwọ́ kan ṣoṣo lè lọ síná lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, wọ́n ní, àmọ́ ẹ̀sọ̀ ti alágbẹ̀dẹ fàdákà ní iye.

Kí ọnà tó dé, fàdákà tí a fẹ́ ya ọnà sí lára ńkọ́? Láyé àtijọ́, owó ni. Káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, inú owó ni alágbẹ̀dẹ ti ń rí fàdákà. Àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ yọ́ owó Maria Theresa, tálérì ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń tẹ 1780 sára rẹ̀ ìgbà yòówù kí wọ́n rọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣílè tí ìjọba amúnisìn gbé jáde ní 1913 jẹ́ fàdákà gidi, ìdá 92.5 nínú 100. Láti 1920 ni wọ́n ti ń fi èyí tó jọ idẹ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà wá ní ṣílè tirẹ̀ ní 1959, ó funfun, ó ń dán, kò sì sí fàdákà kankan nínú rẹ̀: bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni. Mo ti rí ẹni tó gbé odindi àpò ṣílè bàbá rẹ̀ wá bá wa, tójú rẹ̀ ń dán ju owó náà lọ. Ọ̀gá gbé ẹyọ kan lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé fàdákà tó tóbi tó o lé mi lọ́wọ́ òsì, ó ní kí n sọ fún onítọ̀hún èyí tó wúwo. Funfun niyì eyín. Ti fàdákà ju funfun lọ.

Nọ́ńbà 925 tí ẹ ń rí nínú òrùka, ìdá 925 nínú 1,000 ló ń wí. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, kí fàdákà má baà rọ̀ jù. Ẹni tó bá wá tẹ 925 sára èyí tí wọ́n ń pè ní German silver, tí kò ní fàdákà kankan nínú, olè ni. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é.

Òjé náà ńkọ́? Ẹ̀gbà òjé ní àyè tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olórìṣà Ọbàtálá, mi ò bá a jà níbẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì fàdákà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní òrùka kan tó já, alátùnṣe kan sì fi lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà rédíò lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tún já, èmi ni wọ́n gbé e fún. Mo gbé e síná láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ojú mi báyìí ni ihò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, ọ̀kan, méjì, mẹ́rin, bí ìgbà tí kòkòrò bá ń jẹ ewé. Òjé tó fara pamọ́ ti bá iná pàdé, ó sì ń jẹ fàdákà lọ. Mo ṣe òrùka mìíràn fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, mi ò sì tíì rí i lọ́wọ́ wọn rí.

Ó wá ku ọnà, ibi tí ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn, àwọn Ìjẹ̀bú sì mọ̀ ọ́n lò púpọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so lókùn: ẹẹ́fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tó gbà á, bó bá wù ú, á so mẹ́jọ padà: ẹẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tó kojú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, nǹkan ti bàjẹ́. Lókè òkun náà, ní Bahia ilẹ̀ Brazil, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti so irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìbàdí, balangandã, ìdì nǹkan wẹ́wẹ́ oní fàdákà: èso, ẹja, kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́, tí kálukú ní ohun tó ń wí.

Obìnrin kan wá láti Àpápá, ó fẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ó ní kí ojú ọnà rẹ̀ pé mẹ́jọ, onígun mẹ́rin tó fi ṣóńṣó dúró bí èyí tó ń wà lára ẹní. Ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó mọ ohun tó ń béèrè. Ọ̀gá gbé ìlà fún mi.

Bó ṣe yẹ kí n ṣe é nìyí. Gé bébà tóóró tó yí ẹ̀gbà po láìlé, láìdín. Ká a sí méjì, ká a sí mẹ́rin, ká a sí mẹ́jọ. Ibi tí bébà ti ṣẹ́ ni kí o fi abẹ́rẹ́ sàmì sí lára fàdákà. Mẹ́jọ kò le. Mẹ́fà ni kì í gbọ́ ti bébà bọ̀rọ̀, kọ́ńpáàsì ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu: bí o bá ti ṣí i tó láti fa róbótó, má ṣí i sí i, má pa á dé, máa fi gbẹ́sẹ̀ lórí róbótó náà. Ẹsẹ̀ mẹ́fà géérégé ni yóò fi padà síbi tó ti gbéra. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ṣì máa ń ṣe mí bí idán.

Èmi kò gé bébà. Mo ní ojú mi tó. Nígbà tí mo dé ojú keje, àyè tó kù kò gba ẹ̀kẹjọ, mo bá fún un pọ̀ wọbẹ̀ bí kọ̀ndọ́ ṣe ń fún èrò kan sí i wọ dánfó. Ọ̀gá gbé e, ó fi èékánná kà á yí po.

“Mélòó nìyí?”

“Mẹ́jọ ni, sà.”

“Méje ààbọ̀ ni. Kí ni wàá sọ fún ìyàwó? Pé ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ìka kò dọ́gba.”

“Kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni Ọlọ́run fún pọ̀ wọlé?”

Ó sọ ẹ̀gbà náà sínú ìkòkò ìyọ́, ó da bórásì lé e, ó ní kí n fẹ́ná. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ná yọ́ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ rọ̀, etí rẹ̀ ká, àwọn ojú méje ààbọ̀ náà parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì di ìṣù kan tó ń yí kiri nínú ìkòkò, tó mọ́ gaara bíi dígí.

Ẹni tó bá fẹ́ ya odù Ifá, ìṣọ́ra tirẹ̀ ju kíkà lọ. Ilà ẹyọ kan àti ilà méjì ni a fi ń tẹ ojú odù 16 lápapọ̀, ìpele mẹ́rin-mẹ́rin. Ìrosùn: kan, kan, méjì, méjì, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ó di Ọ̀wọ́nrín. Ẹ dojú Ọ̀ṣẹ́ dé, ó di Òfún. Ọmọkùnrin kan ní kí n ya Ìrosùn Méjì sára òrùka, mo bi í pé ibo ni òkè òrùka? Bó bá na ọwọ́ sí wa, ohun tó ń rí kọ́ la ó rí. Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí kì í yí padà bó ti wù kí a gbé wọn, àwọn yẹn lè gba òrùka. Ìrosùn, ọrùn ló yẹ ẹ́, lórí ohun tó ń rọ̀ sísàlẹ̀, tí ìwọ̀ rẹ̀ ń sọ fúnra rẹ̀ pé òkè rèé. Síbẹ̀ mo ní kó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ babaláwo rẹ̀ bóyá ó yẹ kó máa gbé e rìn nínú bọ́ọ̀sì.

Fóònù ni àwọn oníbàárà ń gbé wá báyìí. “Mo fẹ́ irú èyí.” Àgbélébùú Agadez ni, iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Tuareg ní ilẹ̀ Niger, tí wọ́n ń fi ìda mọ, tí wọ́n ń fi amọ̀ bò, tí wọ́n ń yọ́ ìda náà dànù kí fàdákà lè gba àyè rẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ti Agadez kì í ṣe ti Zinder, ti Zinder kì í ṣe ti Tahoua. Tàbí kó jẹ́ Sankofa ti àwọn Akan, ẹyẹ tó yíjú wẹ̀yìn lọ mú ohun tó gbàgbé. Mo rí ọ̀kan tí ẹnì kan ṣe ní Èkó yìí tó kọjú síwájú gbọn-in. Adìẹ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ dídán. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ fàdákà di dúdú, ẹni tó bá sì ń gbé ibi tí tírélà ti ń tò mọ́jú kò ní ṣe aláìrí i. Àwọn oníbàárà á fi ọṣẹ ìfọyín fọ ọ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi funfun báláú, wọ́n á wá ní ọnà rẹ̀ ti parẹ́. Kò parẹ́. Dúdú tó wà nínú ilà ni wọ́n fi ń rí i tẹ́lẹ̀. Òkè ni kí ẹ nù, kí ẹ fi inú ilà sílẹ̀.

Obìnrin Àpápá náà padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti gé bébà lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ẹ̀gbà náà sójú ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi èékánná kà á bí ọ̀gá ṣe kà á, ó tún kà á láti apá kejì. Kò sọ nǹkan kan. Ó ka owó fún ọ̀gá, ó fi ìborùn rẹ̀ wé ẹ̀gbà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹlẹ́ja kọjá lọ. Ọ̀gá ti fi ẹ̀mú gbé òmíràn. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.